Ọ̀pá Ìdọ́gba inú Ẹ́ńjìnnì àti Títo Táímìn Rẹ̀

Ọ̀pá ìdọ́gba, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní balance shaft, ni irin gbọọrọ kan tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ wúwo ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì láti pa gbígbọ̀n tí àwọn písítìn ń dá sílẹ̀. Kì í gbé ọkọ̀ rìn, kì í ṣí fáàfù, kò sì kan iná púlọ́ọ̀gì rárá. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n to ọ̀pá yìí sódì yóò ṣíná, yóò sáré, yóò sì gun òkè bó ti ń gùn ún tẹ́lẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, brain box (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) kò ní tan iná ìkìlọ̀ kankan. Ara ọkọ̀ nìkan ni yóò máa sọ pé nǹkan kan ò tíì dára. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le nìyẹn. Òun náà ló ń mú kí ọkọ̀ kúrò lọ́dọ̀ mẹkáníìkì pẹ̀lú gbígbọ̀n tí kò sí lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e wá.

Ohun tó ń mi ẹ́ńjìnnì

Nínú ẹ́ńjìnnì oní písítìn mẹ́rin tó tò lẹ́sẹẹsẹ, písítìn kìíní àti ìkẹrin jọ máa ń gòkè nígbà tí ìkejì àti ìkẹta bá ń sọ̀ kalẹ̀. Téèyàn bá wò ó lóréfèé, ó yẹ kí agbára méjèèjì pa ara wọn rẹ́. Wọ́n ń pa ara wọn rẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kì í tán pátápátá. Kọ́ńrọ́ọ̀dù, irin tó so písítìn mọ́ kíráńkì, ló fà á. Bí kíráńkì bá yí ìdá mẹ́rin àkọ́kọ́ láti òkè, kọ́ńrọ́ọ̀dù á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì fa písítìn wálẹ̀ kọjá ìdajì ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí kíráńkì bá yí ìdá mẹ́rin kejì, ọ̀nà tó kù fún písítìn láti rìn kò tó ìdajì mọ́. Èyí ń mú kí yíyí padà písítìn lókè le ju yíyí padà rẹ̀ nísàlẹ̀ lọ. Agbára tí àwọn méjì tó wà lókè ń jù sókè wá ju èyí tí àwọn méjì tó wà nísàlẹ̀ ń jù sísàlẹ̀ lọ, ohun tó sì ṣẹ́ kù ń ti gbogbo ẹ́ńjìnnì sókè sódò lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kíráńkì kan ṣoṣo.

Kì í ṣe agbára kékeré. Nínú ẹ́ńjìnnì Toyota 2AZ-FE oní lítà 2.4, tó pọ̀ nínú Camry tó wà lójú pópó Nàìjíríà, mìlímítà 96 ni písítìn ń rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ká ní písítìn kan pẹ̀lú orí kọ́ńrọ́ọ̀dù rẹ̀ wúwo tó ìdajì kílò, kí kọ́ńrọ́ọ̀dù sì gùn tó mìlímítà 150. Nígbà tí kíráńkì bá ń yí ní ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan, agbára tó ṣẹ́ kù láti ara àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò tó nǹkan bí níútìnnì 3000, ìyẹn bí ìwúwo ẹrù 300 kílò, yóò sì máa lu ẹ́ńjìnnì nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìyípo bá di 6000, ìlọ́po méjì kọ́ ni agbára náà máa dà, ìlọ́po mẹ́rin ni, nǹkan bí níútìnnì 12,000.

Bí písítìn bá ṣe wúwo tó, tí ọ̀nà tó ń rìn sì gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni wàhálà yìí ṣe ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì kékeré fi lè ṣe láìní ọ̀pá ìdọ́gba. Kò sí i nínú 1ZZ-FE oní lítà 1.8 ti Toyota Corolla, àmọ́ bí ẹ́ńjìnnì oní písítìn mẹ́rin bá ti kọjá lítà 2, a sábà máa ń bá a níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì oní písítìn mẹ́fà tó tò lẹ́sẹẹsẹ kò nílò rẹ̀ rárá, torí pé àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń pa agbára ara wọn tán pátápátá.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí ọ̀nà àbáyọ ni Frederick Lanchester, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1904. Ọ̀pá méjì ló lò. Méjèèjì ń yí lọ́nà òdìkejì ara wọn, ìyára wọn sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti kíráńkì. Bí ẹ̀gbẹ́ wíwúwo àwọn méjèèjì bá jọ dojú kọ òkè tàbí ilẹ̀, wọ́n ń tako agbára àwọn písítìn. Bí ọ̀kan bá dojú kọ òsì, èkejì á dojú kọ ọ̀tún, wọ́n á sì pa ara wọn. Ní 1975, Mitsubishi gbé ètò tirẹ̀ jáde tí wọ́n pè ní Silent Shaft, níbi tí ọ̀pá kan ti ga ju èkejì lọ kó lè dín yíyí tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ yí ara rẹ̀ kù pẹ̀lú. Ètò náà dára débi pé Porsche gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn láti lò ó nínú 944.

Ibi tí wọ́n ń fi sí

Ohun tó ń yí ọ̀pá ìdọ́gba ló máa pinnu bí a ṣe ń to táímìn rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí mẹkáníìkì mọ irú èyí tó wà níwájú rẹ̀ kó tó tú bọ́ọ̀tì kankan.

Bẹ́líìtì ni ti àwọn kan. Honda Accord 1998 sí 2002, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní Baby Boy, ní ẹ́ńjìnnì F23A nínú àwọn tó jẹ́ oní písítìn mẹ́rin. Bẹ́líìtì méjì ló wà níwájú rẹ̀, èyí tó gbòòrò fún camshaft (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù), èyí tó kéré fún ọ̀pá ìdọ́gba méjèèjì. Nínú Mitsubishi 4G63 àti 4G64, bẹ́líìtì kékeré ń yí ọ̀pá kan, jíà pọ́ǹpù ọ́ìlì sì ń yí èkejì. Ti àwọn mìíràn wà nísàlẹ̀ kíráńkì, nínú sọ́ǹpù ọ́ìlì, nínú àpótí irin tiwọn, tí jíà ara kíráńkì ń yí wọn ní tààrà. Bí Toyota 5S-FE àti 2AZ-FE ṣe rí nìyẹn. Honda K24 àti àwọn Hyundai oní lítà 2.4 kan náà fi tiwọn sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ṣéènì ló ń yí i.

Mercedes-Benz M272, ẹ́ńjìnnì V6 oní dígírì 90, yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló ní, láàárín ìlà písítìn méjèèjì. Ìyára kíráńkì gan-an ló ń bá yí, lọ́nà òdìkejì. Ṣéènì táímìn ló sì gba ara jíà rẹ̀ kọjá. Irin jíà yìí rọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́kọ́ jáde, eyín rẹ̀ a sì máa jẹ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Bí eyín bá ti jẹ, ṣéènì á sún, táímìn camshaft á yẹ̀, iná ìkìlọ̀ á sì tàn. Láàárín gbogbo ẹ́ńjìnnì tí a dárúkọ níhìn-ín, òun nìkan ni àrùn ọ̀pá ìdọ́gba rẹ̀ ń hàn lójú iná ìkìlọ̀ báyìí. Gbígbé ẹ́ńjìnnì jáde ni ìwòsàn rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì yìí ní tokunbo gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n fi scan wo táímìn camshaft rẹ̀ kó tó sanwó.

Bí táímìn bá yẹ̀

Bí ẹni méjì bá ń gún iyán nínú odó kan, ìgbà tí ọmọ odó ọ̀kan bá ń lọ sókè ni ti èkejì ń sọ̀. Bí ọ̀kan bá ṣi àkókò, ọmọ odó á pàdé ọmọ odó. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀pá ìdọ́gba àti písítìn rí. Wíwà ọ̀pá náà níbẹ̀ kò tó, àfi kó dé ibi tó yẹ ní àsìkò tó yẹ.

Ìṣirò rẹ̀ ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Bí ọ̀pá méjèèjì bá jọ yẹ̀ ní dígírì 10, bí eyín kan lórí jíà oní eyín 36, ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tó yẹ kó pa ni yóò ṣẹ́ kù. Bí ó bá yẹ̀ ní dígírì 18, bí eyín kan lórí púlì oní eyín 20, yóò di ìdá 31. Bí ó bá dé dígírì 60, ó dà bí ẹni pé kò sí ọ̀pá kankan nínú ẹ́ńjìnnì náà. Láti ibẹ̀ lọ, ṣe ni ọ̀pá ń dá kún gbígbọ̀n. Ní dígírì 180, gbígbọ̀n á di ìlọ́po méjì ti ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ̀pá ìdọ́gba.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù níbi iṣẹ́ ni kí ọ̀pá kan wà ní ipò rẹ̀, kí èkejì sì yẹ̀ ní dígírì 180. Nígbà náà, àwọn méjèèjì á pa agbára ara wọn lápá òkè àti ìsàlẹ̀, wọn ò ní ran písítìn lọ́wọ́ rárá. Lápá ọ̀tún àti òsì tó yẹ kí wọ́n ti pa ara wọn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti kún ara wọn. Ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n sókè sódò, á tún máa gbọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun tí kò sí lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Kí ọkọ̀ dúró, kí jíà wà ní N tàbí P, kí wọ́n rọra tẹ tọ́rótù láti ìyípo 2000 dé 3500. Bí sítíárìnnì bá ń ta ọwọ́ jìnnìjìnnì, tí àwòrán inú dígí ẹ̀yìn bá ń gbọ̀n débi pé kò ṣeé wò, tí ó sì ń le sí i bí ìyípo ṣe ń pọ̀ sí i, ọ̀pá ìdọ́gba ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí, pàápàá bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìn tàbí tú sọ́ǹpù. Táyà kọ́, torí ọkọ̀ kò rìn. Ẹ́ńjìnnì síìtì (rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé) tó ti kú sábà máa ń gbọ̀n jù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sinmi, tí jíà sì wà ní D, á sì rọlẹ̀ bí ìyípo bá gòkè. Púlọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì tó ń fo máa ń mú ẹ́ńjìnnì ta gìrì láìlétò. Owó púpọ̀ ló ti bá ẹ́ńjìnnì síìtì tuntun lọ nígbà tó jẹ́ pé eyín bẹ́líìtì kan ló fo.

Títo táímìn

Òfin kan wà tó kan gbogbo ẹ́ńjìnnì oní písítìn mẹ́rin tó ní ọ̀pá méjì. Nígbà tí písítìn kìíní bá wà lókè pátápátá, ẹ̀gbẹ́ wíwúwo ọ̀pá méjèèjì gbọ́dọ̀ dojú kọ ìsàlẹ̀, ìyẹn apá tó jìnnà sí orí ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá gbé písítìn kan náà dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ìsàlẹ̀ náà ni wọ́n á tún dojú kọ, torí wọ́n ti yí odidi ìyípo kan. Ẹni tó bá mọ èyí lè fi ojú rí àṣìṣe kódà bí àmì ara jíà bá ti pa rẹ́.

Ní F23A, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé písítìn kìíní sókè, kí wọ́n sì to bẹ́líìtì camshaft parí. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ọ̀kan nínú bọ́ọ̀tì ìdérí ìsàlẹ̀ de apá tẹ́ńṣọ́nà rẹ̀ (ohun tó ń fa bẹ́líìtì le) mọ́ ibi tó wà, torí nọ́ọ̀tì kan náà ló ń di tẹ́ńṣọ́nà bẹ́líìtì méjèèjì, bí wọ́n bá sì tú u fún bẹ́líìtì kékeré, ti ńlá náà á dẹ̀. Ọ̀pá iwájú rọrùn: ihò tó wà létí púlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá àmì ara pọ́ǹpù ọ́ìlì mu. Ti ẹ̀yìn ló ń dá wàhálà sílẹ̀, torí jíà wà láàárín púlì àti ọ̀pá rẹ̀, ojú kò sì rí ọ̀pá náà. Honda fi ihò kan sí ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù fún un. Kí wọ́n tú bọ́ọ̀tì tó dí ihò náà, kí wọ́n mú bọ́ọ̀tì mìlímítà 6 tó gùn tó 100, kí wọ́n fa ìlà sára rẹ̀ ní mìlímítà 74 láti ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì tì í wọ inú ihò. Bí ìlà náà bá bá ojú ihò dọ́gba, ọ̀pá wà ní ipò, bọ́ọ̀tì náà ló sì ń dì í mú. Bí kò bá wọlé dé ibẹ̀, kí wọ́n rọra yí púlì títí yóò fi wọlé. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n á fi bẹ́líìtì sí i.

Kí bọ́ọ̀tì yìí sì jáde kí ẹnikẹ́ni tó yí kíráńkì. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ tí wọ́n ṣíná, ọ̀pá tàbí jíà rẹ̀ á bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí sì ń yí lọ́nà òdìkejì aago, yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì mìíràn. Yíyí i sódì lè dẹ bẹ́líìtì kó sì fo eyín.

Ní Mitsubishi 4G63, àrékérekè wà nídìí púlì pọ́ǹpù ọ́ìlì. Àmì ara rẹ̀ lè bá àmì búlọ́ọ̀kù mu géérégé, kí ọ̀pá inú sì yẹ̀ ní ìdajì ìyípo. Ìdérí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búlọ́ọ̀kù fún ìdánwò rẹ̀. Kí wọ́n tú u, kí wọ́n ti sukudíráfà tí ọrùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8 wọlé. Bí ó bá wọlé tó mìlímítà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára. Bí ó bá dúró ní 20 sí 25, ó ti kan ẹ̀gbẹ́ wíwúwo ọ̀pá. Kí wọ́n yí púlì náà ní ìyípo kan, kí wọ́n tún àmì mú, kí wọ́n tún un wọ̀n. Mẹkáníìkì tó bá fo ìdánwò yìí ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún oríire. Ní ti bẹ́líìtì kékeré, bí wọ́n bá fi ìka tẹ àárín rẹ̀, kó wọlé ní mìlímítà 5 sí 7. Kí wọ́n di tẹ́ńṣọ́nà mú bí wọ́n ti ń dé bọ́ọ̀tì rẹ̀, torí ó máa ń bá bọ́ọ̀tì yí, á sì fún bẹ́líìtì le jù.

Ti àwọn oní jíà nínú sọ́ǹpù kò gba àlàyé púpọ̀. Kí àmì ara jíà ọ̀pá méjèèjì bá ara wọn mu, kí ti ọ̀pá sì bá ti kíráńkì mu pẹ̀lú písítìn kìíní lókè, kí wọ́n tó gbé àpótí náà dé. Àwọn kan ní irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sáàárín àpótí àti búlọ́ọ̀kù láti fi ṣètò àlàfo jíà. Ibi tí wọ́n ti yọ ọ́ ni kí wọ́n dá a padà sí. Bí àlàfo bá kéré jù, jíà á máa hu. Bí ó bá pọ̀ jù, á máa kàn gbàgbàgbà. Ní 2AZ-FE, ike ni wọ́n fi ṣe àwọn jíà kan kí ariwo lè dín kù, nítorí náà kò yẹ kí wọ́n fi irin gbá a tàbí fi sukudíráfà dá a dúró.

Fún àwọn oní ṣéènì, ojú ṣéènì tó ní àwọ̀ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fi bá àmì jíà mu. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yí kíráńkì, àwọn ojú aláwọ̀ wọ̀nyí kì í padà sí ipò wọn lẹ́yìn ìyípo kan, ó lè gba ọ̀pọ̀ ìyípo. Kí ìyẹn má da ẹnikẹ́ni láàmú dé ibi tí yóò tún tú iṣẹ́ tó dára.

Ọ́ìlì àti àwọn ohun tó ń bà á jẹ́

Nínú ẹ́ńjìnnì oní písítìn mẹ́rin, bí kíráńkì bá ń yí ní 3000, ọ̀pá ìdọ́gba ń yí ní 6000. Ọ́ìlì nìkan ló wà láàárín rẹ̀ àti bẹ́ríìnì. Ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ lè jó bẹ́ríìnì yìí kó tó jó ti kíráńkì. Camry 2007 sí 2009 tó ń lo 2AZ-FE ni a mọ̀ mọ́ jíjẹ ọ́ìlì, ẹni tó bá ń wa irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fa gééjì wò lóòrèkóòrè. Ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń di sọ́ǹpù náà. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò já sínú ọ́ìlì, yóò sì dí asẹ́ pọ́ǹpù.

Síìlì ọ̀pá iwájú Honda F23A lè yọ kúrò ní ojú ihò rẹ̀, kí ọ́ìlì sì dà jáde láàárín ìrìn àjò. Irin kékeré kan wà tí wọ́n ń dè mọ́ ọn kó má baà yọ. Nígbà tí ìdérí bẹ́líìtì bá wà nílẹ̀, kí wọ́n wò bóyá irin náà wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, kí wọ́n fi sí i.

Bẹ́líìtì kékeré àti ńlá jọ ń dàgbà ni. Bí ti kékeré bá já, ó lè wọ abẹ́ ti ńlá, kó mú un fo eyín, kí písítìn sì lu fáàfù. Tokunbo tí kò ní àkọsílẹ̀ àtúnṣe, bẹ́líìtì méjèèjì pẹ̀lú tẹ́ńṣọ́nà wọn ni kí wọ́n pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí wọ́n tó ṣíná

Ọwọ́ ni kí wọ́n fi yí kíráńkì ní ìyípo méjì, lọ́nà tí ẹ́ńjìnnì ń gbà yí, kí wọ́n sì tún gbogbo àmì wò. Bí ó bá há níbì kan, kí wọ́n dúró, kí wọ́n wá ìdí rẹ̀. Ìṣẹ́jú mélòó kan tí èyí ń gbà kéré sí wákàtí tí wọ́n á fi tún iwájú ẹ́ńjìnnì tú. Lẹ́yìn tí ó bá ti ṣíná, kí wọ́n tún ìdánwò ìyípo 2000 sí 3500 ṣe kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ fún oníbàárà.

Yíyọ ọ̀pá ìdọ́gba

Àwọn kan ń gé bẹ́líìtì kékeré sọnù, wọ́n á ní ọkọ̀ yóò tún lágbára sí i. Lóòótọ́, àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje máa ń yọ ọ̀pá ìdọ́gba 4G63, àmọ́ wọ́n ń dí ihò ọ́ìlì bẹ́ríìnì rẹ̀, wọ́n sì ń fi irin kúkúrú rọ́pò rẹ̀ nídìí pọ́ǹpù ọ́ìlì. Gígé bẹ́líìtì nìkan kò jọ ìyẹn rárá. Nínú Mitsubishi, ọ̀pá kan á dúró, èyí tí pọ́ǹpù ń yí á sì máa yí lọ. Ìdajì gbígbọ̀n òkè àti ìsàlẹ̀ á padà wá, gbígbọ̀n ẹ̀gbẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń pa á á sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Nínú Honda, méjèèjì ló máa dúró, gbogbo agbára àwọn písítìn á sì bọ́ sórí ẹ́ńjìnnì síìtì, páìpù èéfín àti wáyà. Fún ọkọ̀ tí ìdílé ń gùn lọ síbi iṣẹ́ àti ọjà, kò sí èrè kankan nínú rẹ̀. Kí onímọ́tò má gbà fún mẹkáníìkì tó bá dá irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀; bẹ́líìtì tuntun ni kó ní kí wọ́n rà.